Ìlàájá ni, kì í ṣe ìwàláàyè: lórí ọ̀rọ̀ ìwádìí ẹran igbó

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣàgámù, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ dábàá fún àwọn tó ń ṣèwádìí ẹran igbó: ìwàláàyè fún bí ẹran ṣe ń yè láti ìgbà kan dé òmíràn, lílo ibùgbé fún ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dé, àti iye fún gbogbo ẹran irú kan tó wà lórí ilẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ti àkọ́kọ́ rárá; ìlàájá ni mo fẹ́ kí a fi rọ́pò ìwàláàyè.

Ipò ni ìwàláàyè. Ẹran wà láàyè tàbí kó ti kú, ó parí. Ohun tí olùṣèwádìí ń ṣírò ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí: nínú òkété 100 tó wà láyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, mélòó ni òjò àkọ́rọ̀ bá? Ìlàájá ló gbé àkókò yẹn dání. A máa ń la ọdún já, a máa ń la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, pé inú ogun là ń là já, kó rántí pé kò sí ọjọ́ tí òkété jáde nínú ihò tí ewu kò sí níta.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù ni pé olùṣèwádìí kì í rí ikú. Àìrí ló ń rí. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Wọn kì í lo ẹ̀bìtì tàbí tàkúté, nítorí ẹran gbọ́dọ̀ padà sígbó láìfarapa. Àgò onírin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n á fi àmì sí etí ẹran, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á tún dẹ àgò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ká sọ pé òkété 40 gba àmì, tí wọ́n sì mú 50 nígbà kejì, tí 10 nínú wọn ní àmì. 10 nínú 50 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún, nítorí náà ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo òkété ibẹ̀ ni 40 náà. Ẹ sọ 40 di ìlọ́po 50, ẹ fi 10 pín in: 200 ni gbogbo òkété ibẹ̀. Bí àmì bá já bọ́ létí, tàbí tí òkété tí a ti mú rí bá ń sá fún àgò, 10 yẹn á dín kù, iye tí a ṣírò á sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìjẹ inú àgò ti mọ́ ọn lẹ́nu, tó ń padà wá, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀.

Báyìí, ká ní 80 nínú 100 la ọdún já, ṣùgbọ́n nínú 80 yẹn, 20 ti ṣí lọ sí igbó mìíràn. Bí a bá tilẹ̀ mú gbogbo àwọn tó kù, 60 péré la ó rí. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlàájá jẹ́ 60 ti pa 20 tó ṣì ń jẹun níbòmíràn, ó sì lè di ẹ̀bi ọdẹ. Nítorí náà, mo dábàá ìlàájá àfojúrí fún 60 náà, kí ìlàájá gan-an dúró fún 80. Láti mọ ti gan-an, ọ̀já ọrùn onírédíò, tó ń fi ibi tí ẹran wà hàn, ló dára jù, ìwúwo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 ìwúwo ẹran lọ. Ẹtu tó wúwo tó kílò 8, gíráàmù 400 ni òpin rẹ̀.

Lílo ibùgbé ńkọ́? Mo gba ìlò, mi ò gba ibùgbé. Ẹtu lè sùn nínú ẹgàn kó sì wá jẹ ní àkùrọ̀. Ọdẹ ti ní ibùsùn, ibùjẹ àti ibùba, a kò sì gbọ́dọ̀ pa wọ́n pọ̀ sójú kan. Kí ó jẹ́ ìlò ilẹ̀. Kí a sì ya ìyànláàyò sọ́tọ̀ kúrò lára ìlò. Bí 60 nínú 100 ipasẹ̀ bá wà lábẹ́ igi gmelina, tí gmelina sì gba 60 nínú 100 ilẹ̀ náà, ẹran kò yan ohunkóhun. Bí àbàtà bá gba 10 péré tí ipasẹ̀ 30 wà nínú rẹ̀, ìyànláàyò lè wà níbẹ̀. Mo ní ó lè wà, nítorí ẹsẹ̀ ń hàn lórí ẹrẹ̀ ju orí ewé gbígbẹ lọ. Kí wọ́n tẹ́ iyanrìn tó dọ́gba sí ibi gbogbo kí wọ́n tó kà.

Iye dára fún òǹkà. Fún àwọn ẹran fúnra wọn, ọ̀wọ́ tó.

*Èsì, láti Ìjẹ̀bú-Igbó*

Àbúrò mi, o ṣeun. Mo gba ìlàájá, ṣùgbọ́n àfojúrí kò lè dúró. Nínú igbó ọba Omo, tó ti wà láti 1925, ta ló ń fojú rí erin? Àjànàkú kọjá, mo rí nǹkan fìrí, ìyẹn gan-an kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ìlàájá àpadàrí ni kí a pè é, nítorí títún rí ni gbogbo ìṣirò náà dúró lé, ìbáà jẹ́ ojú, kámẹ́rà tàbí ìgbẹ́ ló fi hàn.

Ìgbẹ́ náà sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Erin kan lè yàgbẹ́ bí ìgbà 17 sí 20 lóòjọ́. Ká mú 18, kí ìgbẹ́ kan sì pẹ́ tó ọjọ́ 50 kó tó pòórá: 900 ni ti erin kọ̀ọ̀kan nílẹ̀, nítorí náà ìgbẹ́ 1,800 nínú kìlómítà kan níbùú lóròó jẹ́ erin 2. Bí òjò àti yímíyímí bá jẹ́ kó pòórá ní ọjọ́ 25, tí a sì ń fi 50 ṣírò lọ, 900 la ó bá nílẹ̀, a ó sì kọ erin 1. Erin kan ti kú sórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí a kò tíì ní: ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè àwọn ọdẹ J4, apá kan nínú igbó Omo, kí ni wọ́n ń pe ìgbẹ́ erin nígbà tó bá ṣì dúró gbáko, kí ni wọ́n sì ń pè é nígbà tó bá ti tú ká tí kò ṣeé kà mọ́?