Yẹ̀wù ni, kì í ṣe òpin ẹ̀yìn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tí a óò fún backend, ìyẹn apá áàpù tí aṣàmúlò kì í fojú rí: kóòdù orí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá áàpù lóhùn), àká dátà (database), àti àwọn kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí wọn. Àbá mẹ́ta ló ti wá. Ẹnì kan ní “òpin ẹ̀yìn”, èkejì ní “ẹ̀yìnkùlé”, ẹ̀kẹta ní ká kọ ọ́ ní “báákẹ́ńdì” ká máa bá tiwa lọ. N kò fara mọ́ èyíkéyìí. Ní báyìí tí a ti ń sọ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá pé kó bá wa kọ kóòdù, orúkọ tí a bá pe nǹkan ló ń jẹ́ ká mọ ibi tó yẹ ká wò nígbà tí a bá ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Òpin ẹ̀yìn kò lè yé ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rí. Ẹ̀yìnkùlé sàn, Yorùbá pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n gbangba ni ẹ̀yìnkùlé: adìẹ ń jẹ̀ níbẹ̀, aládùúgbò ń gbabẹ̀ kọjá. Yẹ̀wù ni èmi mú wá. Iyàrá inú tí àlejò kì í wọ̀ ni yẹ̀wù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí, ibẹ̀ ni yóò ti sọ ohun tó fẹ́, onílé á wá wọlé lọ mú un jáde fún un. Bí bíráwúsà àti sáfà ṣe ń bára wọn ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, frontend, apá tí aṣàmúlò ń fojú rí, náà sì ti rí orúkọ láìjẹ́ pé a wá a lọ: ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ wò ó lójú iṣẹ́. Bí a bá ní kí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń bá wa kọ kóòdù, so áàpù mọ́ iṣẹ́ ìsanwó, ó lè kọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí sínú kóòdù bíráwúsà, gbogbo rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá tẹ F12, tó ń ṣí ojú ibi tí a ti lè wo kóòdù inú bíráwúsà, lè rí i. Ẹni tó ti ń pe ibẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti mọ̀ pé a kì í tọ́jú kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye owó ọjà: ká má gba èyí tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ránṣẹ́ gbọ́, kí yẹ̀wù tún un ṣírò láti inú àká dátà.

Ẹnì kan tún dábàá pé ká túmọ̀ rotate, ìyẹn fífi kọ́kọ́rọ́ tuntun rọ́pò àtijọ́, sí “yí kọ́kọ́rọ́”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wọlé. Ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn ló ń yí kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè ni pé kí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ má lè ṣí nǹkan kan mọ́. “Pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́” ló tọ̀nà. Bí fáìlì .env, tí a ń kọ kọ́kọ́rọ́ sí, bá ti bọ́ sínú Git, tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà kóòdù, pípa á rẹ́ nínú commit (àyípadà tí a fi pamọ́) tó tẹ̀ lé e kò yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá padà síbẹ̀ yóò kà á. Ẹ ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, ẹ gbé e sórí sáfà, ẹ rí i pé áàpù ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ tó fagi lé àtijọ́. Àfi bí ẹlòmíì bá ti ń lo àtijọ́ náà, ìgbà yẹn ni kí ẹ fagi lé e lójú ẹsẹ̀, kódà bí áàpù yóò bá dákẹ́ díẹ̀.

Ibi tó yẹ ká ti fara balẹ̀ jù ni authentication àti authorization. Àbá tó wà nílẹ̀ fi “ìfọwọ́sí” túmọ̀ méjèèjì. Mo mọ ohun tó fà á, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ dà wọ́n pọ̀: Unauthorized ni wọ́n sọ 401, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà tí sáfà fi ń fèsì, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé sáfà kò tíì mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ẹni tí a mọ̀ àmọ́ tí kò láṣẹ ni 403 wà fún. Ìdánimọ̀ (authentication) àti àṣẹ (authorization) ni tiwa, ẹni kan ò sì lè ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. 401 ń béèrè pé “Ta nìyẹn?” 403 ń sọ pé “Mo mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n o ò lè wọbí.” Kóòdù tí ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ lè yẹ ìdánimọ̀ wò, kó sì gbàgbé àṣẹ. Aṣàmúlò á wọlé pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, á béèrè /orders/57, àdírẹ́sì ìwé ọjà tó jẹ́ tirẹ̀, á wá yí 57 sí 58, ìwé ọjà ẹlòmíì á sì jáde sí i. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ dá àkáǹtì méjì, ẹ mú tókìnì (àmì tí sáfà fi ń dá ẹni tó wọlé mọ̀) ti àkọ́kọ́, ẹ fi béèrè ohun tó jẹ́ ti èkejì. 403 tàbí 404 (“kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀”) ló gbọ́dọ̀ jáde. Bó bá jẹ́ 200, ìyẹn “ó ti yọrí”, àlejò ti dé yẹ̀wù.

“Adágún ìsopọ̀” fún connection pool ṣì wá lọ́nà. Kò sómi níbẹ̀. Okùn ìsopọ̀ mélòó kan ló wà láàárín yẹ̀wù àti àká dátà, tí ìbéèrè kan ń lò tó sì ń dá padà kí òmíràn lè lò ó. Àjọlò nìyẹn, nítorí náà mo dábàá “okùn àjọlò”. Okùn ṣeé kà, kíkà yẹn ló sì ṣe pàtàkì. PostgreSQL, irú àká dátà kan, ń gba okùn 100 bí a kò bá yí i padà, ó fi 3 pamọ́ fún alábòójútó, ó ku 97. Bí a kò bá sọ iye, node-postgres, kóòdù tó ń so áàpù mọ́ ọn, lè ṣí tó 10 nínú ẹ̀dà áàpù kọ̀ọ̀kan. Lórí ìkùukùu (cloud, ẹ̀rọ ẹlòmíì tí a ń yá lò láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì), níbi tí ẹ̀dà tuntun ti ń dìde bí èrò bá ń pọ̀, ẹ̀dà mẹ́wàá ti fẹ́ 100, àká á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ìbéèrè padà. Èyí kì í hàn nígbà ìdánwò, torí ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹ dín okùn ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kù sí 2 tàbí 3, ẹ fi gbèdéke sí iye ẹ̀dà, tàbí kí ẹ fi PgBouncer, tó ń pín okùn díẹ̀ fún ìbéèrè púpọ̀, sáàárín.

Ìkùukùu ní tirẹ̀ ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Kìkì pé kí olùkọ́ máa ṣàlàyé pé inú ilé gidi ni ẹ̀rọ náà wà: us-east-1, orúkọ àgbègbè ìkùukùu Amazon kan, wà ní Virginia, af-south-1 wà ní Cape Town. Ẹni tó bá gbé yẹ̀wù sí ọ̀kan, tó gbé àká dátà sí èkejì, yóò mọ̀ ọ́n lára, torí ọ̀nà jíjìn á mú kí áàpù máa falẹ̀.

Ó wá ku hallucination, ìyẹn kí ọgbọ́n àtọwọ́dá máa sọ ohun tí kò sí bí ẹni pé ó wà. Púpọ̀ nínú yín fẹ́ “ìrànrán”. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń ṣèrànrán, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀. Ti ọgbọ́n àtọwọ́dá máa ń gún régé. Ó lè dárúkọ package (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀) tí kò sí níbì kankan, kó kọ bí a ṣe ń lò ó, kó má sì sí àmì pé nǹkan ṣe é. “Àròsọ” ló bá a mu. Àwọn oníjìbìtì tilẹ̀ lè forúkọ àròsọ bẹ́ẹ̀ gbé kóòdù burúkú sórí npm, ibi tí a ti ń gba package, nítorí náà ẹ wo ẹni tó gbé package jáde, ìgbà tó gbé e jáde, àti ibi tí kóòdù rẹ̀ wà kí ẹ tó gbé e wọlé.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ máa fi Yorùbá bá amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́, kó kọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú fáìlì AGENTS.md, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó lè kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nìyí: “Yẹ̀wù ni kóòdù orí sáfà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kóòdù bíráwúsà. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí kankan kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní gbogbo ojú ọ̀nà tó wọ yẹ̀wù, yẹ ìdánimọ̀ wò, lẹ́yìn náà kí o yẹ àṣẹ wò.”