Báwo la ṣe ń ṣètò ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń dín sísanra kù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn là ń wá lórí ilé tí ẹnì kan ti ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, tí àwọn yòókù sì ń jẹ bó ṣe wù wọ́n.

Ohun tójú bá ti rí, ọwọ́ á fẹ́ nà án. Bísíkíìtì inú ike tó mọ́ gaara lórí tábìlì kì í pẹ́ tán bí èyí tó wà nínú agolo lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ti òróró ló tilẹ̀ burú jù: ṣíbí ìjẹun kan péré tó nǹkan bíi kálórì 120, ẹni tó bá sì ń dà á látẹnu ìgò kò ní mọ ìgbà tó máa da ṣíbí mẹ́ta. 360 nìyẹn, a ò tíì kan oúnjẹ gan-an! Ṣíbí ni kí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n.

Ká bu oúnjẹ sáwo nílé ìdáná, ká fi ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀, ká pa tẹlifíṣọ̀n tá a bá ń jẹun: ìyẹn ò le. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wàhálà, nígbà tó ti rẹ èèyàn, tí ẹlòmíì wá ń já ọ̀rá ìpápánu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ṣé kí ìpápánu àwọn yòókù wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni, àbí kí wọ́n má rà á wọlé rárá? Tó bá jẹ́ tàwọn ọmọdé ńkọ́? Ta ló ti ṣe é ju oṣù mẹ́ta lọ, ibo ló sì ti dojú rú?