Ìtàn wo ni awalẹ̀pìtàn ń pa?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. A ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún "prehistory" ti Gẹ̀ẹ́sì. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe ìgbà láéláé tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń ṣèwádìí rẹ̀ ní "ìgbà ṣáájú ìtàn". Mi ò lè fọwọ́ sí i. Ẹ wo orúkọ tí a ti fún òṣìṣẹ́ náà ná: a-wa-ilẹ̀-pa-ìtàn. Ìtàn ló ń pa. Bí ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí bá ti wá ṣáájú ìtàn, kí ló kù tó máa pa?

Ẹ jẹ́ ká mú Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw, Gẹ̀ẹ́sì tó fìdí ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀pìtàn múlẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1965, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ walẹ̀ ní Ihò Eléérú, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. (Ọ̀pọ̀ ìwé ló kọ ọ́ ní "Iwo Eleru", ṣùgbọ́n ihò ni, eérú ló sì fún un lórúkọ.) Wọ́n kan egungun ẹnì kan tí wọ́n ká lẹ́sẹ̀ kò kí wọ́n tó sin ín. Èédú tó wà nítòsí rẹ̀, tí wọ́n fi ọgbọ́n sáyẹ́ǹsì ka ọdún rẹ̀, ni wọ́n fi mọ̀ pé ó ti lé ní 11,000 ọdún. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa òkú yẹn, síbẹ̀ ẹni tó ká a lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀ fún wa. Ìtàn nìyẹn. Àwa tí a ní arọ́kin, ìgbà wo ló di dandan fún wa pé inú tákàdá ni ìtàn gbọ́dọ̀ wà?

"Ìgbà ìwáṣẹ̀" tí ẹlòmíràn mú wá dùn mọ́ mi, àmọ́ inú ẹsẹ Ifá ló ń gbé. Èédú kò lè ka ọdún rẹ̀.

"Ìgbà ṣáájú àkọsílẹ̀" ni tèmi. Ìṣòro kan wà níbẹ̀: àwọn ère orí Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 yóò bọ́ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Ihò Eléérú, bẹ́ẹ̀ ìgbà wọn jìnnà síra gan-an. Ká kúkú fi "Ìgbà Òkúta", ìyẹn ìgbà tí òkúta ni wọ́n fi ń ṣe ohun èlò, sínú rẹ̀ fún ti Ihò Eléérú.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ "irinṣẹ́ òkúta", ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Irin wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó la òkúta wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn kò tíì fojú kan irin rí. "Ohun èlò òkúta" tó.