Ẹ gbà mí o: níbo ni kí n kó ẹrù inú sáfà ilé mi sí?

Àyọ̀_Kámẹ́rà: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà tó wà ní pálọ̀ mi, kọ̀ǹpútà tí mo ń kó fáìlì pamọ́ sí, ti ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ láti àná, iná pupa sì ti tàn lára ọ̀kan nínú àwọn drive rẹ̀. Fídíò ìgbéyàwó àwọn oníbàárà ló wà níbẹ̀. Kí lẹ fi ń ṣe backup (ẹ̀dà ìpamọ́) ẹrù tó pọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Waya_Tútù: Ó pọ̀ tó báwo? RAID (drive púpọ̀ tí wọ́n so pọ̀ bí ọ̀kan) ni àbí kí ni? Ẹ kọ́kọ́ pa á ná.

Ọmọ_Òkè_Àdó: Ẹ má pa á o! Drive tó ń dún bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá pa á, ó lè má jí mọ́. Ẹ kó èyí tẹ́ ò tíì fún oníbàárà jáde ná.

Waya_Tútù: Ṣé NEPA ò ní bá a pa á ni?

Ìyá_Tóbi: Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ṣọ́ra. Mo ra drive "16 TB" (TB kan jẹ́ 1,000 GB) lọ́jà kan. Ó ń gba fáìlì, orúkọ wọn ń hàn, àmọ́ tí mo bá tẹ̀ wọ́n, òfìfo. Nígbà tá a tú u, káàdì mẹ́mórì kékeré ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́nú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì irin méjì kó lè wúwo.

Bọ̀dá_Rọ́sìdì: Yéè! Ọjà wo nìyẹn? Ẹ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sí inbox mi.

Wúrà_Ìjẹ̀bú: Wọ́n ti ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ rí. Gbájúẹ̀ ni wọ́n.

Waya_Tútù: Èló lẹ rà á, Ìyá Tóbi?

Ìyá_Tóbi: ₦18,000.

Waya_Tútù: 16 TB ní ₦18,000? Ẹ̀yin gan-an lẹ ṣílẹ̀kùn fólè.

Bọ̀dá_Rọ́sìdì: Rọra sọ̀rọ̀ sí àgbà jàre.

Ọmọ_Òkè_Àdó: Ẹ fi f3, ètò kọ̀ǹpútà kan, dán drive wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. f3write á kọ nǹkan kún un, f3read á kà á padà. Ẹni tó ń lo Windows, H2testw wà. Drive ńlá lè gba ọ̀sán àti òru o.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham: Àbúrò, kó o sí Glacier Deep Archive, ibi ìpamọ́ ti Amazon lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì. TB kan ò ju bíi dọ́là 1 lóṣù.

Wúrà_Ìjẹ̀bú: Ẹ̀gbọ́n, Peckham ní London lẹ wà. Tí upload bá jẹ́ 10 Mbps, TB kan á gba ọjọ́ 9 láìsinmi. Ta ló ní dátà yẹn? Ẹ ò tíì sọ iye tí wọ́n ń gbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o padà.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham: Ìgbà tílé bá jó nìkan lèèyàn ń kó o padà.

Afẹ́fẹ́_Tútù: Iná ló ń ba drive jẹ́. Ẹ ra inverter tó dáa, kẹ́ ẹ lo bátìrì lithium.

Àyọ̀_Kámẹ́rà: Ẹ ṣé o. 9 TB ni, RAID 5, drive mẹ́rin.

Waya_Tútù: Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀! RAID 5 lè fara da ikú drive kan ṣoṣo. Ẹ má tíì fi tuntun rọ́pò èyí tó ń kú o. Ìgbà tó bá ń tún ara rẹ̀ tò, tí gbogbo drive yòókù ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, ni èkejì máa ń tẹ̀ lé e lọ. Ẹ kó ẹrù jáde ná. Drive tuntun 12 TB kan, ó parí.

Àyọ̀_Kámẹ́rà: Mo ti rí i ṣe. Àbúrò ìyàwó mi fún mi ní 5 TB méjì tó ti lò. Mo pín fídíò náà sí méjèèjì, rsync, ètò tó ń da fáìlì kọ, ti ń ṣiṣẹ́ lọ.

Waya_Tútù: Àlòkù? Ẹ̀dà kan ṣoṣo?

Àyọ̀_Kámẹ́rà: Èkejì ṣì wà lórí sáfà.

Waya_Tútù: Sáfà tó ń dún yẹn?

Ìyá_Tóbi: Ẹ bá mi bi í bóyá ọjà yẹn ló ti rà wọ́n.

Àyọ̀_Kámẹ́rà: Hmm. Ẹni tó mẹ́nu ba f3, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í pa ohun tó wà lórí drive rẹ́?

Ọmọ_Òkè_Àdó: Tí drive bá jẹ́ ojúlówó, rárá, àyè tó ṣófo nìkan ló ń kọ nǹkan sí. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kó ẹrù síbẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ dá rsync dúró ná.