Re: "Àrùn àìfarabalẹ̀" fún ADHD: "ara" yẹn ni mi ò gbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àtijọ́. Mo rí i pé bàbá wa kan níbí ti ní "àrùn àìfarabalẹ̀" ni ká máa pe ADHD lédè Yorùbá, ìyẹn ìṣòro tó máa ń mú kó nira fún ọmọ láti pọkàn pọ̀ tàbí kó jókòó jẹ́jẹ́, àwọn kan sì ti ń ṣe àmín lẹ́yìn wọn. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, èmi ò ní ṣe àmín. Ara wo ni wọn ò fi balẹ̀? Mo ti ṣe tíṣà praimárì pẹ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, jẹ́jẹ́ ló máa ń jókòó, ara ẹ̀ balẹ̀ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n tó o bá yẹ ìwé ẹ̀ wò, á da ìlà kan kọ láti ojú bọ́ọ̀dù, á fo méjì, á wá fi ìlà tó kàn sílẹ̀ láàbọ̀. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ìyẹn lẹnikẹ́ni ò fi bi í léèrè pé kí ló dé. Káàkiri ayé náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń gbójú fo àwọn ọmọbìnrin, torí èyí tó ń gun tábìlì ni gbogbo ojú ń wò. Tẹ́ ẹ bá wá ki "ara" bọ orúkọ ẹ̀, ẹ ti ti irú ọmọ yẹn síta nìyẹn.

Ẹnì kan ní "àìpọkànpọ̀". Ó sàn díẹ̀, àmọ́ "àì" yẹn ń purọ́. Ẹni tó bá gbọ́ "àì" á rò pé kò sí rárá ni. Àwọn ọmọ yìí lè jókòó ti géèmù láti àárọ̀ dọ̀sán kí ọkàn wọn má yẹ̀ níbẹ̀! Ọkàn ń pọ̀, kì í kàn pọ̀ síbi tí wọ́n bá darí ẹ̀ sí ni. Ìdí tí mo fi ní "ìṣòro ìdarí-ọkàn" nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ó jọ orúkọ ètò ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́, ẹ mú tiyín wá.

"Àrùn" gan-an ńkọ́? Tá a bá ní àrùn, èyí téèyàn ń kó ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, eléyìí, à ń jogún ẹ̀ ni. Ẹní bíni là á jọ. Wọ́n kó ìwádìí lórí ìbejì jọ, nǹkan bí ìdá 74 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì lórí ọ̀rọ̀ yìí, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá. Àwa tá a ní Ìgbó-Ọrà, ìlú ìbejì, ló yẹ kó tètè yé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ní pàṣán ni oògùn ẹ̀, pé kò sí i láyé àwọn bàbá wa, ó wà, "olóríkunkun" ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì nà wọ́n títí, oríkunkun ọ̀hún ò lọ. Ìyá bàbá tèmi kì í nà wọ́n ní tiẹ̀, á ní "bàbá ẹ̀ náà rèé", á tún un rán níṣẹ́. Irú àwọn àgbà yẹn ti tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé iṣẹ́ oògùn ló dọ́gbọ́n ẹ̀ kí wọ́n lè tajà, dókítà Alexander Crichton ará Scotland ti kọ nípa ẹ̀ ní 1798, George Still ṣàlàyé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fáwọn dókítà ní London ní 1902, ó di 1937 kí dókítà Charles Bradley tó kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé oògùn kan ran àwọn ọmọ tí ìwà wọn le lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣúgà ló ń fà á, wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní ṣúgà, wọ́n fáwọn kan ní adùn tí kì í ṣe ṣúgà, òbí ò mọ èwo lèwo, nígbà tí wọ́n ro gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní 1995, ìwà ò yàtọ̀.

Ó ku àbúrò wa tó kọ "àrùn ọ̀pọ̀lọ́". Ọ̀pọ̀lọ́ kẹ̀! Èyí tó ń fò lẹ́bàá odò nìyẹn o. Ọpọlọ, kò lámì kankan lórí. Lóòótọ́, ọpọlọ ló wà nídìí ẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ yàwòrán ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2007, wọ́n rí i pé tàwọn ọmọ yìí máa ń fi nǹkan bí ọdún 3 pẹ́ kó tó gbó, àgàgà níwájú. Àmọ́ "àrùn ọpọlọ", wèrè làwọn èèyàn máa gbọ́, ìyá wo ló máa gbé ọmọ ẹ̀ wá? Àbúrò wa ní "ọ̀pọ̀lọ́" yẹn ni bí wọ́n ṣe ń fohùn pe ọpọlọ ní Ìjẹ̀bú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó mi, ó ní irọ́ ni.