Òkété ń jẹ wáyà sólà mi lóko, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àgbẹ̀ Òkèihò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ni mo tò sórí irin nílẹ̀ lóko ẹ̀gẹ́ mi, òun ló ń gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Òkété ti jẹ wáyà abẹ́ rẹ̀, bàbà pupa ló ń yọ sílẹ̀ yìí. Ewúrẹ́ abúlé náà tún ń gùn ún. Kí lẹ ṣe tó ràn yín lọ́wọ́? Mi ò lówó odi.

Wáyà Tààrà: Ẹ má fọwọ́ kan bàbà yẹn lọ́sàn-án o! Bí ẹ tilẹ̀ pa ẹ̀rọ, iná ṣì wà nínú wáyà níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ń ràn. Mẹ́fà tí a so tẹ̀lé ara wọn lè ju 200 fólítì lọ. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ ṣú kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi téèpù wé e. Ẹ so tuntun mọ́ irin lókè kó má fì. Ibi tó bá ti máa wọlẹ̀, ẹ fi sínú páìpù onírin. Òkété á jẹ oníke já, eyín rẹ̀ kì í yé hù.

Ọmọ Ọdẹ: Ẹ po oògùn eku mọ́ gàrí, ẹ dà á sẹ́nu ihò.

Ìyá Ẹlẹ́dìẹ: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Òkété tó jẹ májèlé lè má kú lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn á pa á níwájú, ó di inú ìkòkò ọbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì onírin olójú kékeré ni kí ẹ fi yí abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ká. Ẹ ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ tẹ etí rẹ̀ síta, torí ìdí ọgbà gan-an ni òkété ti ń walẹ̀. Ẹ máa ro koríko ibẹ̀ dáadáa: ibùba wọn ni, òun náà ló sì ń gbé iná ìgbẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀rùn.

Ará Texas: Àgùntàn ni wọ́n ń dà sábẹ́ sólà níbí kó jẹ koríko. Wọn kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ débẹ̀, ó ń gùn, ó sì ń jẹ wáyà. Ẹ gbin làpálàpá yí i ká, ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Kó jìnnà díẹ̀, kí òjìji rẹ̀ má bo pánẹ́ẹ̀lì.

Àgbẹ̀ Òkèihò: Ẹ ṣé gan-an ni. Wáyà àti nẹ́ẹ̀tì ni màá kọ́kọ́ ṣe, ó di ìgbà òjò kí n tó gbin làpálàpá. Ìyá Ẹlẹ́dìẹ, kí lẹ fi so nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn? Ṣé kí n lu ihò sí etí pánẹ́ẹ̀lì ni?

Ìyá Ẹlẹ́dìẹ: Ẹ má lù ú o, gíláàsì lè fọ́. Wáyà tín-ín-rín táwọn bíríkìlà fi ń so irin ni kí ẹ fi lọ́ ọ mọ́ ẹsẹ̀ irin. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ tó ṣeé ṣí, kí ẹ lè máa wọlé ro ibẹ̀.