Ìgbì T ń wọlé mọ́ ìlù ọkàn: ẹ bá wa wò ó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ECG (àkọsílẹ̀ iná tí ọkàn ń gbé jáde), ẹ jọ̀ọ́. Ní Tankẹ, Ìlọrin níbí, AD8232 (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba iná ọkàn) àti Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) la fi ń wo bí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lù tó bá ń ṣe ìṣirò pẹ̀lú ìkánjú. Ìgbà 250 là ń wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú Python, a ń sẹ́ ẹ kó lè ku kìkì ohun tó wà láàárín 5 sí 15 Hz (iye ìgbà tí ìgbì ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan), a sì ń tẹ̀lé ìlànà Pan àti Tompkins ti ọdún 1985 tí wọ́n fi ń wá ìlù ọkàn nínú ECG. Lẹ́yìn ṣóńṣó R kọ̀ọ̀kan (góńgó tó ń fi ìlù kan hàn), a kì í ka nǹkan kan títí 200 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) yóò fi kọjá.

Àwọn kan wà tí ìgbì T wọn (ìgbì tó ń tẹ̀lé R nínú ìlù kọ̀ọ̀kan) ga gan-an, kọ̀ǹpútà á ka òun náà mọ́ ìlù. Àlàfo 800 ms láàárín ìlù méjì á wá pín sí 300 àti 500, RMSSD (òṣùwọ̀n bí àlàfo ìlù ṣe ń yàtọ̀ síra) á sì fò sókè lásán. Ṣé ká sún 200 yẹn dé 360 ni? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 170 ní ìṣẹ́jú kan, àlàfo rẹ̀ ò pé 360. Ìlù gidi la ó máa jù nù yẹn. Àbí ká fi bí T ṣe yára gòkè wé ti R tó ṣáájú, tí kò bá tó ìdajì ká fò ó?

Ariwo iná náà ń bẹ. Bátìrì ni laptop ń lò tí wáyà bá wà lára èèyàn (ààbò ṣe pàtàkì), síbẹ̀ tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí, dídí 50 Hz (ìwọ̀n iná ìjọba) nìkan kì í tó, torí jẹnẹrétọ̀ kì í dúró sí 50 géérégé. Báwo lẹ ṣe ń tẹ̀lé ariwo tó ń yí padà bẹ́ẹ̀? A lè fi fáìlì CSV tó ní àwọn nọ́ńbà tá a wọ̀n ránṣẹ́, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.